Awò Wo Ni Kí N Gbé Sórí Ìbọn Mi? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé sí wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló dá lé orí awò tí a ń gbé sórí ráífù láti fi wo ibi tí a fẹ́ yìn, pàápàá fún ẹni tó ń yìnbọn nítòsí àti ní ìwọ̀nba ọ̀nà jíjìn, ìyẹn láti mítà díẹ̀ títí dé 200 tàbí 300. Mo yan márùn-ún nínú wọn. Mo gbà pé gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló ní ìwé àṣẹ níbi tí òfin bá ti béèrè fún un, àti pé orí pápá ìyìnbọn tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ti fẹ́ lo ohun tí wọ́n ń béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ráífù tó ń yin ọta 5.56, mo sì ń bá wọn ṣe ìdíje lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àmì tó súnmọ́ wa jù níbẹ̀ máa ń wà ní mítà 7, èyí tó jìnnà jù sì máa ń wà ní mítà 100; ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e dé 200. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra sikóòpù tó lè fa nǹkan súnmọ́ ojú ní ìlọ́po mẹ́jọ, ó ní ohun tó bá pọ̀ ló dára. Ní tèmi, red dot, ìyẹn awò tó ń fi àmì pupa kékeré hàn nínú dígí, lọkàn mi ń fà sí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kò ṣaláì ní ìdí. Ohun tó ṣì í lọ́nà ni pé ó so bí awò ṣe ń sọ nǹkan di ńlá pọ̀ mọ́ bí ọta ṣe ń ba ibi tí a fojú sùn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ń jẹ́ kí a rí nǹkan. Ara tó dúró dáadáa àti ìka tó fa ìbọn jẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kí ọta bà á. Páálí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí a gbé sí mítà 100 lójú ọ̀sán gangan, kò sá pamọ́ fún ojú tó dá ṣáká.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ṣe ìṣirò kan. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ìdíje mẹ́ta tí ẹ ṣe kẹ́yìn, kí ẹ ka iye ọta tí ẹ yìn sí àmì tí kò tó mítà 50, iye tí ẹ yìn láàrin 50 sí 100, àti iye tó kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nínú ọta mẹ́wàá, mẹ́jọ ló lọ sí ibi tó súnmọ́, awò tó mú mẹ́jọ yẹn rọrùn ló yẹ kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ṣe méjì tó kù lóore tó sì di ìṣòro fún ìyókù. Mo ti rí ayìnbọn tó ń wá àmì kiri nínú sikóòpù rẹ̀ ní mítà 7, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, nítorí pé ó gbàgbé láti dá a padà sí ìlọ́po 1. Kí ó tó rí i, ẹlòmíràn ti yin àmì mẹ́ta.

Ẹ wo bí red dot ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi gbè yín lẹ́yìn. Iná kékeré kan wà nínú rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, tó ń tàn sí dígí iwájú. Wọ́n ti fi èròjà kan bo dígí yìí tó fi jẹ́ pé àwọ̀ pupa iná náà ló ń dá padà, ìmọ́lẹ̀ yòókù sì ń kọjá lọ sójú wa. Nítorí pé dígí náà tẹ̀ díẹ̀ bí inú ṣíbí, ìmọ́lẹ̀ tó dá padà ń bọ̀ ní títọ́ bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ojú á sì rí àmì pupa náà bí ẹni pé ara páálí gan-an ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè la ojú méjèèjì sílẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kò sì ní láti wà lójú kan lára ìdí ìbọn. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, àmì á yẹ̀ nínú dígí, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lára ohun tí ẹ fojú sùn. Ká sọ òtítọ́, ó lè yà díẹ̀ nígbà tí àmì bá ti fẹ́ kan etí dígí, pàápàá nítòsí. Bó bá ti wà ní nǹkan bí àárín, kò sí wàhálà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Howard Grubb, ará Ireland tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe awò awọ̀nàjínjìn, ló gba ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí awò ìfojúsùn irú èyí ní ọdún 1900. Ohun tí kò tíì sí nígbà náà ni iná kékeré tó lè pẹ́. Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Aimpoint ti orílẹ̀-èdè Sweden gbé èyí tó ń lo bátìrì jáde, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà pátápátá láti ìgbà náà: bátìrì CR2032 kan ṣoṣo, tí kò ju ẹyọ owó kékeré lọ, lè gbé Aimpoint Micro T-2 fún wákàtí 50,000, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ láìpa iná rẹ̀ rárá.

Ẹ kíyè sí bí àmì náà ṣe tóbi tó. MOA ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdá kan nínú 60 dígírì kan ni, ó sì ń bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní mítà 100. Àmì MOA 2 á bo bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lára páálí ní mítà 100, nígbà tí àmì MOA 6 á bo bíi sẹ̀ǹtímítà 17, èyí tó ju ìdajì páálí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àmì ńlá máa ń yá ojú gbà nítòsí, kò burú fún ìbọn ìléwọ́. Fún ráífù yín, èmi ò ní kọjá MOA 2 tàbí 3. Ẹ má sì tan iná rẹ̀ jù. Àmì tó bá ń ràn yòò á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú yín, á sì bo ohun tí ẹ fẹ́ rí.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti wúlò? Láti mítà 200 lọ sókè ni. Ohun tó ń dá red dot dúró níbẹ̀ kì í ṣe àmì rẹ̀, nítorí MOA 2 ṣì ń bo kìkì sẹ̀ǹtímítà 12. Ojú ènìyàn ló ń kùnà. Ohun tó ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú koríko gbígbẹ kò yàtọ̀ sí kùkùté lójú lásán, ọdẹ tí kò bá sì dá ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ̀ dájú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìfà ìbọn. Sikóòpù tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po 1 tó sì lọ dé 4, 6, 8 tàbí 10, èyí tí àwọn ayìnbọn ń pè ní LPVO, ló wà fún irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà fẹ́ pààrọ̀ awò ACOG onílọ̀ọ́po mẹ́rin tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú rẹ̀ ni wọ́n yàn ní ọdún 2020, Trijicon VCOG 1-8x28. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn kò parí sí mítà 100.

Ohun tí ẹ ó sì fi san án ni ìwúwo àti ojú tí kò rọgbọ. Sikóòpù 1-6 pẹ̀lú ìdè tó mú un mọ́ ìbọn sábà máa ń ju gíráàmù 600 lọ, red dot kékeré pẹ̀lú ìdè rẹ̀ kò sì sábà tó 200. Ní ti ojú, ẹ pín fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà sí iye ìlọ́po: 24 sí ọ̀nà 6 jẹ́ 4, 24 sí ọ̀nà 8 jẹ́ 3. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú sikóòpù sí ẹyinjú yín, ní mìlímítà. Bí ojú bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò níbẹ̀, òjìji dúdú tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé á bo ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá yẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí àpò iyanrìn kò ní mọ̀ pé èyí jẹ́ ìṣòro. Ẹni tó ń sáré láti ẹ̀yìn ògiri kan sí òmíràn, tó ń yọjú lápá òsì, á mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ ra red dot alámì MOA 2. Bí ìdíje mítà 200 bá ń pọ̀ sí i, ẹ padà wá bá mi, a ó jọ sọ̀rọ̀ LPVO, ti ìlọ́po 6 ni mo sì máa sọ, kì í ṣe ti mẹ́jọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra red dot, wọ́n ní àmì rẹ̀ róbótó, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí fọ́n ká bí ìràwọ̀, ó sì ní ìrù lápá ọ̀tún. Mo ti dá a padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún mi ní òmíràn, bákan náà ló rí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Bí méjì bá rí bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé awò kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán fóònù yín sí ẹ̀yìn awò náà kí ẹ ya àmì rẹ̀. Bó bá róbótó nínú àwòrán, ojú yín ló ń fọ́n ọn ká. Ọ̀nà kejì tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yí awò náà díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú yín bí ìgbà tí a ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí ìrù àmì bá ń yí tẹ̀lé awò, awò ló ní àbùkù. Bí ìrù náà bá dúró sápá ọ̀tún bí ẹ ti wù kí ẹ yí awò tó, ojú ni.

Astigmatism ni àwọn dókítà ojú ń pè é: iwájú ẹyinjú, tàbí dígí tó wà nínú rẹ̀, kò tẹ̀ dọ́gba yíká, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kò sì lè pàdé lójú kan ṣoṣo. Àwọn tó ní in pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n wo inú red dot. Ẹ lọ rí dókítà ojú kí ẹ tó ra awò kẹta. Ó ṣeé ṣe kí awò ojú tó bá yín mu parí ọ̀rọ̀ náà. Kó tó dìgbà náà, ẹ dín iná àmì kù, nítorí bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ìfọ́nká ṣe ń pọ̀. Bí ihò ìwò bá sì wà lẹ́yìn ìbọn yín, ẹ wo àmì náà láti inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kó jọ.

Bí gbogbo èyí kò bá ran yín lọ́wọ́, awò oníprísìmù ni kí ẹ wá. Àmì tirẹ̀ kì í ṣe iná lásán. Wọ́n fín in sára gíláàsì inú rẹ̀ ni, bí bátìrì tilẹ̀ kú, àmì wà níbẹ̀. Ẹ tún lè yí ibi ìwò rẹ̀ títí àmì náà á fi mọ́ rekete lójú yín. ACOG tó jáde ní ọdún 1987 wà lára ìdílé yìí, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ti 4x32 ń fẹ́ kí ojú wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré sí dígí ẹ̀yìn, ìyẹn sì súnmọ́ imú gan-an. Àwọn oníprísìmù ìlọ́po 1 rọgbọ jù ú lọ, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń yìnbọn nítòsí fi máa ra ti mẹ́rin. Àwọn kan máa sọ fún yín pé awò hologram bíi ti EOTech, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà gbé àmì rẹ̀ jáde, kì í fọ́n ká lójú onírú àìlera yìí. Fún àwọn mìíràn òótọ́ ni, fún àwọn mìíràn kì í ṣe òótọ́. Ẹ wò ó fúnra yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rántí pé èyí tó ń lo bátìrì CR123 kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 1,000 ni, kì í ṣe ọdún márùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Red dot ti wà lórí ìbọn mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé kí n fi awò kejì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mítà 200, àbí kí n tà á kí n ra sikóòpù 1-6?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi awò náà sẹ́yìn rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó lò ó. Ẹwà rẹ̀ ni pé ẹ lè gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ilẹ̀kùn, red dot yín á sì padà sí bó ṣe wà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àmì á di ńlá lẹ́ẹ̀mẹta. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n páálí náà di ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ibi tí àmì ń bò lára rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé ojú gbọ́dọ̀ wà lójú kan nígbà tó bá wà nídùúró, àti pé bí ojú yín bá ń fọ́n àmì ká, ìfọ́nká náà á di ńlá lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú. Ẹ lò ó fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kì í gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ ta méjèèjì kí ẹ ra 1-6.

ÌBÉÈRÈ: Olùtajà bi mí bóyá sikóòpù «first focal plane» tàbí «second focal plane» ni mo fẹ́. Mo dákẹ́, mo ní mò ń bọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

ÌDÁHÙN: Nínú èyí àkọ́kọ́, àmì inú awò ń dàgbà bí ẹ bá ṣe ń fi kún ìlọ́po, nínú ìkejì, bó ṣe wà náà ló máa ń wà. Ó ṣe pàtàkì nítorí àwọn ìlà kéékèèké tí a fi ń gbé ìbọn sókè fún ọ̀nà jíjìn. Bí ìlà kan nínú sikóòpù 1-6 oríṣi kejì bá dúró fún sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 100 nígbà tí ẹ wà ní ìlọ́po 6, ìlà yẹn kan náà á dúró fún 20 bí ẹ bá dín in kù sí 3. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, 10 ni títí; àmọ́ ní ìlọ́po 1, àmì rẹ̀ á kéré bí irun, iná rẹ̀ nìkan lẹ ó gbára lé. Fún ẹni tí kì í kọjá mítà 300, oríṣi kejì ni èmi yóò rà, pẹ̀lú iná tó lágbára tó láti hàn lójú oòrùn.

ÌBÉÈRÈ: Ní mítà 50, ọta mi ń lu àárín gbùngbùn. Ní mítà 5, ó ń lu ìsàlẹ̀ bíi fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Ẹni tó tà á fún mi ní awò náà ti bàjẹ́ kí n ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má sì náwó kankan. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn ibi tí ojú ń gbà nínú awò sí àárín ihò ẹnu ìbọn. Lórí ọ̀pọ̀ ráífù irú AR-15, ó máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 6.6. Ojú yín wà lókè, ọta ń jáde nísàlẹ̀, mítà 50 ni ẹ sì ní kí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ní mítà 5, ọta kò tíì gòkè ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ nínú ìrìn náà, ó sì ku bíi 6 kó tó bá ojú. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fojú sun òkè díẹ̀ bí àmì bá súnmọ́. Ẹ yin ọta márùn-ún ní mítà 5, 10, 15 àti 25, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọwọ́ yín á ti mọ̀ ọ́n.

Mítà 50 tí ẹ yàn yẹn gan-an dára. Pẹ̀lú ọta 5.56, ọta á gòkè kọjá ojú ìwò díẹ̀, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, á sì tún padà bá a ní nǹkan bíi mítà 200. Bí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ yin mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó yí ohunkóhun, torí ọta kan ṣoṣo kì í sọ òtítọ́. Bí àwọn ọta náà bá kó jọ sí sẹ̀ǹtímítà 3 lápá òsì ní mítà 50, ìyẹn jẹ́ MOA 2: ẹ yí bọ́tìnì ìtò ara awò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin bí ìró kan tó ń dún nígbà tí ẹ bá yí i bá jẹ́ ìdajì MOA, tàbí lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ MOA kan, síbi tí ẹ fẹ́ kí ọta lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ju awò lọ ni ìdè tó mú un mọ́ ìbọn. Nígbà kan, odindi òwúrọ̀ kan ni mo fi ń yí awò mi lọ síwá sẹ́yìn, tí ọta ń lọ sọ́tùn-ún, tí mo bá yí i, á tún lọ sókè. Awò ni mo ń bú. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó mì bí eyín tó fẹ́ bọ́. Ìdè kan ti tú, èmi sì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Láti ìgbà náà, mo máa ń ti ìdè náà síwájú mọ́ eyín irin orí ìbọn kí n tó dè é, màá dè é dé ìwọ̀n agbára tí ìwé rẹ̀ sọ, kì í ṣe ìwọ̀n tí apá mi fẹ́, màá sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ínrín láti orí ìdè dé ara irin. Bí ọta bá ti ń ṣìnà, ìlà yẹn ni mo ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ti já sí méjì, èmi kì í fọwọ́ kan awò rárá.